NÍGBÀ TÍ KÒRÓNÀ DÍ Ọ̀NÀ TÍÁTÀ: OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN TÓ NÍ JẸJẸRẸ, ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó-orí, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Bí ara ò bá le, ta ni yóò pàtẹ?

Kò sí ẹni tó máa gbàgbé ọdún 2020 nínú wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà hàn ní Nàìjíríà, ọkùnrin ará Ítálì kan tó wá sí Èkó. Kí oṣù kẹta tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun náà ní in. Ìjọba ní kí àwọn ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ wà ní títì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Àwa tí à ń ta ẹ̀gúsí, gàrí àti láfún ṣì rí díẹ̀ tà. Àwọn aláṣọ, oníbàtà, aláwo, ilé ni wọ́n jókòó sí. Oníkálukú ló mọ ohun tó kù nínú àpò rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ọjà padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé ibòmíràn wà tí àrùn náà dí ọ̀nà rẹ̀, tí ìdíwọ́ tiẹ̀ sì burú ju ti ọjà lọ. Ibẹ̀ ni yàrá tí àwọn dókítà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíátà. Wọn ò tì í pa pátápátá o, ṣùgbọ́n wọ́n dín iṣẹ́ ibẹ̀ kù gan-an. Ara àwọn tí ó sì dùn jù ni àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àkàwé. Ẹ má wá orúkọ rẹ̀ kiri o, àkàwé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gúsí ló ń tà. Ní oṣù kejì 2020, bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì. Kókó náà tó hóró àgbálùmọ̀, kò sì dùn ún. Ó ní kí òun ta ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ tán ná. Oṣù kẹta, kòrónà dé. Oṣù kẹrin, ó tún inú rò, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé ná. A ó pè yín." Màmá ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo?" Nọ́ọ̀sì ní, "Tí àrùn yìí bá ti lọ ni, mà." Màmá padà sílé. Wọn ò pè é. Òun náà ò padà lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, kókó ti tó ọsàn, awọ ọmú sì ti ń sunkì.

Ta ló jẹ̀bi? Ṣé dókítà ni, àbí nọ́ọ̀sì, àbí màmá, àbí kòrónà? Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

JẸJẸRẸ Ń GBA ÈLÉ

Ara èèyàn dà bí oko tí Ọlọ́run gbìn. Ohun kéékèèké tí ojú ò lè rí ló para pọ̀ di ara wa. Wọ́n ń bí ara wọn, wọ́n ń kú, tuntun ń rọ́pò ògbó, gbogbo rẹ̀ ní ètò. Jẹjẹrẹ ni ìgbà tí díẹ̀ nínú wọn bá kọ ètò sílẹ̀. Wọ́n á máa bí sí i, wọn ò ní kú mọ́, wọ́n á máa jẹ ibi tí kì í ṣe tiwọn. Bó bá pẹ́, wọ́n á rìn lọ sí abíyá, sí ẹ̀dọ̀, sí ẹ̀dọ̀fóró, sí inú egungun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko mọ eèkan. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọkọ́ kan ti tó o. Tó bá ti ta gbòǹgbò yí oko ká, ẹ ó hú u títí, kò ní tán. Iṣẹ́ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ń ṣe fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ nìyẹn: kí ó gé e kúrò tòun ti gbòǹgbò kí ó tó rìn. Oògùn tí wọ́n ń fà síni lára wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìtànṣán rẹ̀ ń jó o wà, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó ní kókó, bíi ti ọmú àti ti ìfun, abẹ ni òpómúléró ìwòsàn.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 34 jọ, èyí tó kan àwọn aláìsàn tó lé ní 1,200,000. Wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ́, ewu ikú aláìsàn náà á fi nǹkan bí ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, ó tún gorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti yá owó gbọ́múlélàńtà rí ò nílò àlàyé púpọ̀. Èlé ni jẹjẹrẹ ń gbà, kì í sì í dárí ji ẹnikẹ́ni nítorí pé ìlú wà ní kónílégbélé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbogbo ẹni tí ìjọba kà pé kòrónà pa ní Nàìjíríà látìgbà tó dé, iye wọn jẹ́ 3,155. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020 nìkan, ìṣirò àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ẹni tó lé ní 124,000 ni jẹjẹrẹ tuntun mú ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì pa ẹni tó lé ní 78,000. Ti ọmú nìkan lé ní 28,000 nínú àwọn tuntun náà. A ò sọ pé kòrónà kéré o. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí gbogbo ayé ń wo ẹkùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ejò wà nínú ilé tí kò sùn.

KÍ LÓ DÉ TÍ DÓKÍTÀ FI Ń BẸ̀RÙ ABẸ?

Àwọn kan nínú wa sọ nígbà náà pé àwọn dókítà kàn sá fún iṣẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí mẹ́ta pàtàkì ló wà.

Ìdí kìíní ni pé abẹ fúnra rẹ̀ di ewu. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn akunilóorun, wọ́n á sì ti ọ̀pá róbà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè máa mí. Bí kòrónà bá wà lára aláìsàn, èémí tó bá jáde níbẹ̀ lè ran gbogbo ẹni tó wà ní yàrá náà. Ewu ti aláìsàn tún ju tiwọn lọ. Ní oṣù karùn-ún 2020, àwọn oníṣẹ́ abẹ láti orílẹ̀-èdè 24 kó àkọsílẹ̀ ẹni 1,128 jọ, àwọn tí kòrónà wà lára wọn ní àsìkò tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Kí 30 ọjọ́ tó pé, ìdá 23.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Ìyẹn ni pé nínú ẹni mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni kan. Ìdajì wọn ló ní ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á ní kòrónà lára, kò ní hú ikọ́, ara rẹ̀ ò ní gbóná. Báwo ni dókítà ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ tí òun fẹ́ fi wo èèyàn sàn kọ́ ló máa pa á?

Ìdí kejì ni èèyàn àti ohun èlò. Ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò wọ́n bí ojú. Wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tíátà kan lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòrónà. Àrùn náà mú àwọn míì nínú wọn. Ní UCH Ìbàdàn, olórí ilé ìwòsàn náà nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Otegbayo, wà lára àwọn tí àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ní in ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìparí oṣù kẹta 2020. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn náà. Ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún tún lè nílò ọ́síjìn àti bẹ́ẹ̀dì tó ní ẹ̀rọ ìmí, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni ẹni tí kòrónà dì mọ́lẹ̀ ń wá. Ẹ̀jẹ̀ náà wọ́n, nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Ìdí kẹta ni àyẹ̀wò. Ìbàdàn ní yàrá àyẹ̀wò kòrónà ní UCH, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, èsì lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó jáde. Ẹni tó ń dúró de abẹ á wá máa dúró de èsì ná.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe kárí ayé fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí nǹkan le jù, iṣẹ́ abẹ tó tó 28,400,000 ni wọ́n máa sún síwájú tàbí fagi lé. Nǹkan bíi 2,300,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti jẹjẹrẹ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢA ALÁÌSÀN

Ẹni tó bá ń ta tòmátò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Èyí tó ti rọ̀, òní ni ó gbọ́dọ̀ lọ. Èyí tó pọ́n tó ṣì le, ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀tunla. Èyí tó ṣì ń pọ́n bọ̀, ó lè dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ṣe.

Apẹ̀rẹ̀ kìíní ni àwọn tí kò lè dúró di ọ̀la: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ti dí ìfun rẹ̀ pa, ẹni tí kò lè mí. Àwọn wọ̀nyí, kòrónà ò, kòrónà kọ́, wọ́n ń gbé wọn wọ tíátà. Apẹ̀rẹ̀ kejì ni àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ṣì ṣeé gé kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Apẹ̀rẹ̀ kẹta ni àwọn tí àìsàn wọn ń rọra rìn: ìpá tí kò há, fáíbírọ́ìdì tí kò da ẹ̀jẹ̀, àti irú jẹjẹrẹ pọ́rósítéètì kan tí àwọn bàbá máa ń ní, tó lè pẹ́ kí ó tó ṣe wọ́n ní nǹkan.

Wàhálà wà nínú apẹ̀rẹ̀ kejì. Ibẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́gùúsí wa wà. Láti má jẹ́ kí irú wọn kàn jókòó lásán, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan ní oògùn ṣáájú abẹ. Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó jẹ́ pé omi ara obìnrin ló ń bọ́ ọ. Hóró oògùn bíi tamoxifen lè ká irú èyí lọ́wọ́ kò fún oṣù díẹ̀, tí obìnrin náà á máa lò ó nílé rẹ̀ títí àyè abẹ á fi ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o: kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ló gbọ́ oògùn yìí. Láàárín àwa obìnrin ilẹ̀ adúláwọ̀, èyí tí kì í gbọ́ ọ pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tí kò bá wá síwájú dókítà rárá, ta ló máa bá a yẹ tiẹ̀ wò?

Wọ́n tún lè fún ẹlòmíràn ní oògùn líle tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Èyí náà ní tiẹ̀, nítorí ó máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ máa lọ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn, níbi tí kòrónà wà. Ẹ rí i pé dókítà náà wà láàárín méjì: iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Nítorí náà, ká sún abẹ síwájú kì í ṣe ìwà ìkà ní gbogbo ìgbà. Nígbà míì, òun ló máa gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ká sún nǹkan síwájú àti ká gbé e sọnù. Ẹni tó gba ọjà àwìn lọ́wọ́ yín, tó ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ lòun máa san án, gbèsè ló jẹ. Ẹni tó gbà á, tó ní "màá máa rí yín," ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́. Abẹ tí wọ́n sún síwájú tó ní ọjọ́, tó ní oògùn tí wọ́n fi di àyè rẹ̀ mú, ìtọ́jú ṣì ni. Abẹ tí kò lọ́jọ́, àwìn tí kò ní san ni.

Ọ̀NÀ TI ÌBÀRÀPÁ

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ẹ mọ̀ pé Abẹ́òkúta súnmọ́ yín ju Ìbàdàn lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé aláìsàn lọ. Ní oṣù kẹrin 2020, ìjọba ti ìpínlẹ̀ Ògùn pa, wọ́n ti Èkó náà pa. Èkó yìí ni wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńlá sí LUTH ní oṣù kejì 2019, tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé. Ilé tí wọ́n ṣí ni, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni wọ́n tì. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje 2020 kí ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ọkọ̀ máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn padà.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé UCH tó wà ní Ọ̀ríta Mẹ́fà ló kù fún ọ̀pọ̀ wa. Láti Ẹ̀rúwà tàbí Làńlátẹ̀, tàbí láti Ayétẹ̀ àti Ìgàngán tó tún jìn jù, ẹ ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kó èrò kún bíi tẹ́lẹ̀, awakọ̀ á sì bu owó ẹni tí kò gbé lé yín lórí. Ẹ gbọ́dọ̀ débẹ̀, kí dókítà rí yín, kí ẹ sì padà dé kí aago méje tó lù. Ọjà ò sì tà. Nínú irú ipò yẹn, kókó tí kò dun èèyàn rọrùn láti gbàgbé.

Àwọn tó dàgbà nínú wa á rántí Dókítà Oluyombo Awojobi ní Ẹ̀rúwà. UCH ló ti kọ́ṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó yàn láti wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba Ẹ̀rúwà, ó sì dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe ẹ̀rọ tó ń fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó papòdà ní oṣù kẹrin 2015. Ohun tó fi hàn wá ni pé bí oníṣẹ́ abẹ bá wà nítòsí, ẹni tó ní kókó ò ní máa ronú owó ọkọ̀ kí ó tó ronú ẹ̀mí ara rẹ̀. Kókó kékeré ṣeé yọ nítòsí, wọ́n lè gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ti ẹ̀rọ ìtànṣán nìkan ló kù tí èèyàn á torí rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dí ọ̀nà jíjìn, èyí tó wà nítòsí ni èèyàn máa rí lò.

OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ RÍ KỌ́

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ò káwọ́ gbera. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, àwọn dókítà Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ohun kìíní tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá ya ọ̀nà àwọn tó fẹ́ ṣe abẹ jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò ní ọ̀nà àwọn tó ní kòrónà, tí tíátà wọn yàtọ̀, tí wọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀, ewu á dín kù. Nínú ẹni 9,171 tí wọ́n tọpa ní orílẹ̀-èdè 55, ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró mú ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní ibi tí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ibi tí wọn ò ti yà wọ́n, ó jẹ́ 4.9.

Ohun kejì ni pé ẹni tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021, tó kan ẹni tó lé ní 140,000 ní orílẹ̀-èdè 116, sọ pé bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn kòrónà kí wọ́n tó ṣe abẹ. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ti àkọ́kọ́ rẹ̀ dé Nàìjíríà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2021, ti mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Dókítà ló máa wo ti oníkálukú.

Ohun kẹta ló dùn wá jù. Wọ́n tọpa ẹni 20,006 tó yẹ kí wọ́n ṣe abẹ jẹjẹrẹ fún ní orílẹ̀-èdè 61. Lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún, ẹni kan nínú mẹ́wàá ni wọn ò tíì ṣe é fún. Ní ibi tí kónílégbélé ti le pátápátá, ó jẹ́ ẹni kan nínú méje. Ní ibi tí ìjánu ti rọ̀, wọn ò tó ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tálákà orílẹ̀-èdè ni ó sì kàn jù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún 2023 pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tó tẹ̀ lé e náà ní tiẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba tó ń kọ́ṣẹ́ sí i daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n ń béèrè ohun ìdáàbòbò àti owó ewu. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021. Ẹni tí kòrónà sún síwájú, ìyanṣẹ́lódì tún sún un. Kò sí ẹni tó lè búra pé irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé, ìyanṣẹ́lódì lè dé, ọ̀nà lè dí. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a máa ṣe.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Bí ọwọ́ yín bá kan kókó lọ́mú tàbí lábíyá, tí orí ọmú ń sun ẹ̀jẹ̀, tí awọ ọmú ń sunkì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ń ya ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìgbẹ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kókó tí kò dunni kì í ṣe kókó dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látilé. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń wá gbé ní Igbó-Ọrà. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ má tijú láti fara hàn wọ́n.

2. Bí wọ́n bá sún abẹ yín síwájú, ẹ má bínú, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ọjọ́ wo ni kí n padà wá? Kí ni màá máa lò kó tó dìgbà náà? Àmì wo ni mo bá rí tí mi ò gbọ́dọ̀ dúró dọjọ́ náà? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọ́ọ̀dù náà. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn ò pè yín, ẹ̀yin ẹ lọ. Olówó ló ń sin gbèsè.

3. Ẹ kó ìwé yín pa mọ́, pàápàá èsì àyẹ̀wò kókó. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí òjò má pa á. Bí ọsibítù kan bá tì, ìwé yìí ni òmíràn máa fi bẹ̀rẹ̀ láì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

4. Bí ẹ bá hú ikọ́ tàbí tí ara yín gbóná láìpẹ́ kí ọjọ́ abẹ tó pé, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fi pa mọ́ nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sún un. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni kan nínú mẹ́rin.

5. Ẹ má fi àgbo dí àyè abẹ. Àdúrà dára, a ò ní kí ẹ má gbà á. Ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn.

6. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kẹwàá 2023, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù sì bọ́ sí i ní 2024. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ ò ní dúró de tíátà.

7. Èyí tó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́. A ń dá àjọ fún aṣọ, a ń dá a fún ọjà. Kí ló dé tí ọjà kọ̀ọ̀kan ò lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún owó ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lọ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹnì kan tó máa bá a lọ? Kí akọ̀wé ọjà ní ìwé kékeré kan tí ọjọ́ ìpadàlọ wọn wà nínú rẹ̀, kí ó máa rán wọn létí. A fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé èyí lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́gùúsí wa. Dókítà ò jẹ̀bi pé ó bẹ̀rù abẹ ní oṣù kẹrin 2020, ẹ̀rù náà ní ìdí. Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ìkà, òun alára ò mọ̀ bóyá òun máa yè é. Màmá béèrè ìbéèrè tó tọ́, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo?" Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó dáhùn, màmá sì gbà kí ìbéèrè náà kú síbẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọjọ́ kan fún un ni, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù méjì sí i, ká ní wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà wò, ká ní ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ tó sì ń bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti padà lọ?", ọ̀rọ̀ ì bá má dé bi tó dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń dúró de ọsibítù, ẹ má kàn kí i kú ọjà nìkan. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Bí kò bá ní, ẹ bá a lọ gbà á.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, ajé á sì bá wa gbé o.